Bí Sátẹ́láìtì Ṣe Ń Wọn Ilẹ̀ Tó Ń Wú Lábẹ́ Òkè Ayọnáyèéfín

Kí òkè ayọnáyèéfín tó bú, ilẹ̀ orí rẹ̀ sábà máa ń wú. Àpáta yíyọ́ tó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ń wá àyè tí yóò wọ̀, bí kò bá sì rí àyè, yóò ti ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ sókè tàbí kí ó là á sí méjì. Nígbà tí òkè náà bá bú tán, tàbí tí àpáta yíyọ́ náà bá gba ibòmíràn lọ, ilẹ̀ a tún rì padà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwú yìí kì í ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ láàárín ọdún kan, ó sì máa ń tàn ká orí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ tó ń ro oko lórí òkè náà, tó ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ àti lálẹ́, kò ní fura rárá. Sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bí 700 kìlómítà lókè orí wa lè rí i. Mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín bí ó ṣe ń rí i, bí a ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó rí tó, àti ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa retí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun kẹta yìí ló jẹ mí lógún jù, nítorí pé ẹ̀mí èèyàn so mọ́ ọn.

Sátẹ́láìtì tí mò ń sọ yìí kì í ya fọ́tò bí NigeriaSat-2 tí orílẹ̀-èdè wa rán lọ sí òfurufú ní ọdún 2011. Rédà ló gbé dání. Ó ń rán ìgbì rédíò sílẹ̀, ìgbì náà á lu ilẹ̀, á sì ta padà sí i, ì báà jẹ́ ọ̀sán tàbí òru, ì báà jẹ́ pé ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Ohun méjì ló ń kọ sílẹ̀ nípa ìgbì tó padà: bí ó ṣe lágbára tó, àti ibi tó dé nínú lílọ sókè àti wíwá sílẹ̀ rẹ̀ ní àkókò tó wọlé. Ohun kejì yìí ni gbogbo iṣẹ́ wa dúró lé. Ní ti Sentinel-1, tí Àjọ Òfurufú ti Yúróòpù ń lò, láti ṣóńṣó ìgbì kan dé ṣóńṣó èyí tó tẹ̀ lé e kò ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àbọ̀ ó lé díẹ̀ lọ. Bí sátẹ́láìtì bá gba orí ibì kan kọjá lónìí, tó sì tún gba ibẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 12, tí ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì kúrò ní ipò rẹ̀, ìgbì àkọ́kọ́ àti ìkejì yóò padà wọlé bákan náà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti wú ní sẹ̀ǹtímítà kan sí ọ̀nà ibi tí sátẹ́láìtì wà, ìrìn ìgbì náà yóò dín ní sẹ̀ǹtímítà kan ní àlọ, yóò sì tún dín ní sẹ̀ǹtímítà kan ní àbọ̀. Kọ̀ǹpútà yóò yọ àwòrán kan kúrò nínú èkejì, yóò mú ipa àwọn òkè àti àfonífojì kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ìṣípòpadà ilẹ̀. Ọ̀nà ìwọ̀n yìí ni wọ́n ń pè ní InSAR, àwòrán tó sì ń jáde níbẹ̀ ni interferogram.

Àwòrán náà máa ń kún fún àwọ̀. Bí àwọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí pupa, tó gba orí ìyeyè àti àwọ̀ ewé dé àwọ̀ aró, tó sì tún padà dé pupa, ilẹ̀ ti ṣípò padà ní sẹ̀ǹtímítà 2.8, èyí tó jẹ́ ìdajì gígùn ìgbì náà. Lórí òkè tó ń wú, àwọn àwọ̀ yìí máa ń di òrùka tó yí ara wọn ká. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe wú tó yóò ka òrùka láti ìta dé àárín, yóò sì fi 2.8 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú Corbetti ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti àwòrán rẹ̀. Kòtò ńlá kan ni, ní gúúsù Ethiopia, ìlú Hawassa tí èrò pọ̀ sí kò sì jìnnà sí i. Láti ọdún 2009 ni ilẹ̀ àárín rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ìwọ̀n tó sì ga jù tí àwọn onímọ̀ rí jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 6.6 lọ́dún. Bí ẹ bá mú àwòrán méjì tí ọdún kan pín níyà, ẹ ó rí òrùka bíi méjì tó dúró sán-ún sí àárín kòtò náà. Níbi tí òkúta dúdú dídán tó ṣàn jáde ní ayé àtijọ́ bo ilẹ̀, àwọ̀ yóò mọ́ kedere, ẹ ó sì lè fi ìka tọ etí òrùka kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti kọjá sí ibi oko àti igbó, àwọ̀ á dàrú, kò ní sí ohunkóhun tí a lè kà níbẹ̀, nítorí pé ewé tó wà lórí igi lánàá kọ́ ló wà níbẹ̀ lónìí, ilẹ̀ tí wọ́n sì kọ ní ebè kò lè dá ìgbì padà bí ó ti ṣe kí wọ́n tó kọ ọ́. Ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ ni pé òrùka náà kò yẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí ẹ bá rí i nínú àwòrán kan, ẹ lè ṣiyèméjì; bí ó bá wà ní ojú kan náà nínú ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n yà ní oríṣiríṣi àkókò, iyèméjì á tán.

Iyèméjì yẹn pọn dandan, ìtàn iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1991 ni wọ́n rán sátẹ́láìtì ERS-1 lọ sí òfurufú. Ní ọdún 1995, Didier Massonnet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi àwòrán rẹ̀ hàn pé òkè Etna ní Ítálì rì bí ó ti ń tú àpáta yíyọ́ jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a máa fi sátẹ́láìtì rí i pé gbogbo ara òkè ayọnáyèéfín kan ń rì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn tún àwòrán wọ̀nyẹn yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé apá kan nínú òrùka náà kì í ṣe ti ilẹ̀ rárá. Oruku omi inú afẹ́fẹ́, ìyẹn ọ̀rinrin, ló dá a sílẹ̀. Òkè gíga bí Etna, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin, orí rẹ̀ sì wà nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ìgbì tó lọ sí ẹsẹ̀ òkè yóò pẹ́ díẹ̀ lọ́nà ju èyí tó lọ sí orí rẹ̀, bí ọ̀rinrin náà bá sì yàtọ̀ láàárín ọjọ́ méjì tí a ya àwòrán, òrùka yóò yọ yí òkè náà ká bí ẹni pé ó wú tàbí pé ó rì. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń kó ọ̀pọ̀ àwòrán jọ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ojú ọjọ́ ń yí padà lójoojúmọ́ láìní ìlànà, nítorí náà ipa rẹ̀ á máa pa ara rẹ̀ rẹ́ bí àwòrán bá ti ń pọ̀ sí i, nígbà tí ìwú ilẹ̀ yóò máa kún ara rẹ̀.

Ní Áfíríkà ni ìwúlò iṣẹ́ yìí ti hàn sí mi jù lọ. Láti Eritrea dé Mozambique, ilẹ̀ ìlà oòrùn Áfíríkà ń ya díẹ̀díẹ̀, òkè ayọnáyèéfín sì pọ̀ lójú ọ̀nà yíya náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń ṣọ́ wọn. Ní ọdún 2009, Juliet Biggs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ohun tí sátẹ́láìtì rí ní Kẹ́ńyà jáde. Suswa àti Menengai ti rì ní sẹ̀ǹtímítà méjì sí márùn-ún láàárín ọdún 1997 àti 2000. Longonot, tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń gùn ní tòsí Naivasha, ti wú ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 9 láàárín ọdún 2004 àti 2006. Paka, ní apá àríwá, wú ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 21 láàárín ọdún 2006 àti 2007. Àwọn òkè tí a rò pé wọ́n ti sùn ni wọ́n. Àwòrán tó ti wà ní àpótí ìkówèépamọ́ fún ọdún púpọ̀ ló tú àṣírí wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ lọ sí orí wọn.

Èyí tó tóbi jù ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Afar, ní Ethiopia, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilẹ̀ mì léraléra, ihò kan sì là lẹ́bàá òkè Dabbahu tí eérú ń tú jáde nínú rẹ̀. Ohun tí ojú rí lórí ilẹ̀ kéré. Nígbà tí Tim Wright àti àwọn onímọ̀ láti Ethiopia àti òkè òkun wo àwòrán sátẹ́láìtì Envisat, wọ́n rí i pé àpáta yíyọ́ ti la abẹ́ ilẹ̀ já fún gígùn 60 kìlómítà, bí alágẹdú ṣe ń ti ìyá irin bọ inú ìtì igi láti là á, ilẹ̀ sì ti ya sọ́tọ̀ tó mítà 8 ní ibi tó fẹ̀ jù. Àpáta yíyọ́ tó wọ ibẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 2.5 ohun tí yóò kún àpótí tó jẹ́ kìlómítà kan ní ìbú, ní òró àti ní gíga, díẹ̀ ṣín-ún sì ló yọ sí ìta. Ká ní ojú lásán ni a fi wò ó ni, a ó sọ pé òkè kékeré kan tú eérú díẹ̀ jáde. Lóòótọ́, ilẹ̀ méjì ti fa ara wọn ya.

Àwọn onímọ̀ kì í dúró sí iye tí ilẹ̀ wú. Wọ́n tún ń fi ìrísí òrùka náà wá bí ohun tó ń ti ilẹ̀ ṣe jìn tó. Ní ọdún 1958, Kiyoo Mogi, ará Japan, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí a ṣì ń lò dòní: bí ohun tó ń ti ilẹ̀ bá wà nítòsí, ìwú náà yóò ga, ṣùgbọ́n kò ní fẹ̀, bí ó bá jìn, ìwú náà yóò tàn lọ jìnnà, kò sì ní ga. Ìṣirò náà dára, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún wa bóyá àpáta yíyọ́ ni ohun náà, tàbí omi gbígbóná, tàbí gáàsì. Mo máa ń rọ àwọn tó ń ka ìròyìn irú èyí pé kí wọ́n fi ojú sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn akọ̀ròyìn sábà máa ń fò ó.

Ṣé ilẹ̀ tó wú túmọ̀ sí pé òkè fẹ́ bú? Ní ọdún 2014, Biggs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ òkè 198 tí sátẹ́láìtì ti ń wò léraléra fún ọdún 18. Nínú wọn, ilẹ̀ 54 ṣípò padà, 25 nínú àwọn 54 yìí sì bú. Nínú 144 tí ilẹ̀ wọn kò ṣípò padà, 9 péré ló bú. Iye méjèèjì yìí ni kí a gbé yẹ̀ wò pọ̀. Òkè tí ilẹ̀ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ kì í sábà bú, ìyẹn sì jẹ́ ìròyìn tó níye lórí fún ìjọba tí kò ní owó tí yóò fi ṣọ́ gbogbo òkè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè tí ilẹ̀ rẹ̀ ń wú lè bú, ó sì lè má bú; bí a bá ní kí a fa ìlà sáàárín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Uturuncu ní Bolivia ti ń wú fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ó ti tó nǹkan bí 250,000 ọdún tó ti bú gbẹ̀yìn. Laguna del Maule ní Chile ti wú ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ lọ́dún láti ọdún 2007, ìyẹn náà kò tíì bú. Nítorí náà, nígbà tí mo bá rí àkọlé ìwé ìròyìn tó ń sọ pé sátẹ́láìtì ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ tí òkè kan yóò bú, ọkàn mi kì í balẹ̀. Sátẹ́láìtì kì í sọ ọjọ́. Ó ń sọ pé ohun kan ń lọ lábẹ́ ilẹ̀, ó ń sọ ibi tó wà, àti bí ó ti tóbi tó.

Nyiragongo ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Òkè náà wà ní ìlà oòrùn Kóńgò, ìlú Goma sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ní etí adágún Kivu. Ní ọdún 2002, àpáta yíyọ́ ṣàn gba àárín ìlú náà kọjá, ó sì sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di aláìnílé. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ó tún ya. Fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ni àpáta yíyọ́ fi ń ṣàn sí ọ̀nà ìlú, ẹ̀mí èèyàn sì ṣòfò. Kò sí ìwú ilẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ tí sátẹ́láìtì tàbí ẹ̀rọ orí ilẹ̀ rí. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ọ̀ràn náà wò lẹ́yìn náà ṣàlàyé ìdí rẹ̀: kòtò orí Nyiragongo ṣí sílẹ̀, adágún àpáta yíyọ́ sì wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, nítorí náà kò sí ìdérí tí ìtìsókè yóò wú. Ara òkè náà fúnra rẹ̀ ló fọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ṣàn jáde. Sátẹ́láìtì tó dára jù lọ ní ayé kò lè wọn ìwú tí kò ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn tí ó bú tán ni iṣẹ́ sátẹ́láìtì wá bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Goma àti ti Gisenyi ní Rùwáńdà bẹ̀rẹ̀ sí í mì léraléra, ògiri ilé ń sán, ojú títì ń là. Àwòrán rédà fi hàn pé àpáta yíyọ́ ti gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí gúúsù, fún gígùn 25 kìlómítà, ó gba abẹ́ ìlú méjèèjì kọjá dé abẹ́ adágún Kivu, kò sì jìn tó 500 mítà sí ojú ilẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, gómìnà ológun tó ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ náà pàṣẹ pé kí àwọn ará àdúgbò mẹ́wàá nínú Goma kúrò nílé, ó sì sọ pé ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìṣípòpadà ilẹ̀ fi hàn pé àpáta yíyọ́ wà lábẹ́ ìlú. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ru ẹrù wọn, wọ́n gba Sake, wọ́n gba Rùwáńdà. Òkè náà kò bú lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé.

Mo mọ̀ pé ẹni tó sun ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Sake pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn lè sọ pé asán ni gbogbo rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àpáta yíyọ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé èèyàn ní ìwọ̀n tí kò tó ìdajì kìlómítà kì í ṣe ohun tí alákòóso kan lè fọwọ́ lẹ́rán wò, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé gáàsì púpọ̀ wà nísàlẹ̀ adágún Kivu tó lè tú jáde bí nǹkan bá dà á láàmú. Ibẹ̀ gan-an sì ni rédà ti fọ́jú. Ojú omi kì í dúró jẹ́ẹ́, nítorí náà kò sí òrùka lórí adágún. Níbi tí àpáta yíyọ́ náà wọ abẹ́ omi, àwòrán dópin ní etíkun. Ìwádìí tó kù di ti àwọn ẹ̀rọ ìmìtìtì ilẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀, àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣọ́ òkè ayọnáyèéfín ti Goma, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí ogun kò jẹ́ kó sinmi.

Àkókò náà tún jẹ́ ìṣòro. Òkè tó bú tó sì parí láàárín wákàtí mẹ́fà kò ní dúró de sátẹ́láìtì tó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 12. Sentinel-1 méjì ló ń yí ayé po nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn bàjẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, kò sì rí arọ́pò títí di oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni àwòrán rẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ ìwádìí COMET ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ń ṣe interferogram sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ òkè ayọnáyèéfín, wọ́n sì ń gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà ńlá tàbí dátà tí yóò fi wa fáìlì ńláńlá sílẹ̀ lè wo Corbetti láti orí fóònù rẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni òkè Kamẹrúùnù, tí kò jìnnà sí Calabar. Ó ga ju 4,000 mítà lọ, ó bú ní ọdún 1999 àti 2000, ìlú Buea sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣòro láti fi ìgbì kúkúrú Sentinel-1 wọn ilẹ̀ rẹ̀, nítorí pé igbó kìjikìji bo ara rẹ̀, Debundscha tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ lápá òkun sì wà lára ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù ní àgbáyé. Ìṣòro ewé àti ìṣòro oruku omi pàdé níbẹ̀. Ìgbì gígùn ló lè gba àárín ewé kọjá dé ara ilẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà àti Íńdíà jọ rán sátẹ́láìtì NISAR lọ sí òfurufú, gígùn ìgbì rédà rẹ̀ tó tóbi jù sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24, èyí tó lé ní ìlọ́po mẹ́rin ti Sentinel-1. Òun náà ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 12. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ òkè Kamẹrúùnù lé lọ́wọ́, àwòrán NISAR ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, ni mo máa kọ́kọ́ fi ti ọdún kan wé ti èkejì, nígbà tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí n tó wá fi ti ìgbà òjò kún un.